Ọdún Tí Òdòdó Gba Balùwẹ̀ Wa

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ọmọdé láyé mi. Èkíní ni èyí tí gbogbo ènìyàn ń ṣe, ní agboolé bàbá mi ní Ìjẹ̀bú, níbi tí ìró ìgbálẹ̀ àti odó ti máa ń jí wa kí àkùkọ tó rántí iṣẹ́ rẹ̀. Èkejì ni èyí tí mo ṣe lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, nígbà tí Bùkọ́lá ọmọ mi ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní apá ibi tí wọ́n ń pè ní Moorings. Ẹni tó bá dé ilé tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan iná ìdáná rẹ̀, ọmọdé ni, ì báà ti kọ́ ọmọ ìlú kan tán ní ìwé. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa fi káàdì kan ẹ̀rọ inú bọ́ọ̀sì. Wọ́n kọ́ mi ní irú ìdọ̀tí tó yẹ kó wọ inú garawa kan àti irú èyí tí kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe máa kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lójú ọ̀nà. Ìyẹn nìkan ni mi ò gbà. Mo ń kí wọn títí tí wọ́n fi ń dáhùn.

Ariwo ilé Bùkọ́lá yàtọ̀ sí ti agboolé wa, ṣùgbọ́n òun náà ní ètò tirẹ̀. Ní òwúrọ̀, ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ìlẹ̀kùn, nígbà tí Bùkọ́lá bá ń ti ilé ìwòsàn bọ̀, nítorí nọ́ọ̀sì ni. Lẹ́yìn náà ni kẹ́tùlù á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, lẹ́yìn náà ni ẹ ó gbọ́ ẹsẹ̀ Dámi lórí àtẹ̀gùn. Dámi ni ọmọ kan ṣoṣo tí Bùkọ́lá bí. Woolwich ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń wẹ àwọn arúgbó, ó ń fún wọn lóògùn, ó ń gbọ́ ìtàn tí wọ́n ti sọ fún un lánàá. Bí ó bá ti jáde, tí Bùkọ́lá sì ti sùn, ilé á pa rọ́rọ́, á wá ku èmi àti ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ní agboolé wa, ilé kì í pa rọ́rọ́, àfi bí ọmọ kan bá ti ṣe ohun tí kò dára tí àgbà sì ń wá ẹni tó ṣe é.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi nínú ilé náà ni ẹ̀yìnkùlé. Koríko ni mo bá níbẹ̀, àti àga oníke kan tí ó ti ya. Kò pẹ́ tí mo fi sọ ọ́ di oko ẹ̀fọ́. Mo gbin tẹ̀tẹ̀, mo gbin ṣọkọ, mo sì gbin ẹfinrin sínú ìkòkò lẹ́bàá ògiri tí oòrùn máa ń dúró sí. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló kọ́ mi ní ètò ẹ̀fọ́, òfin kan ló sì ní lórí ṣọkọ: kí á máa já a kó tó yọ òdòdó. Bí Ìyá àgbà bá ń kọjá lẹ́yìn ilé ìyàwó kan, tó wá rí i pé ṣọkọ ibẹ̀ ti gbé orí sókè, tí òdòdó rẹ̀ ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìrù ológbò, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Á kàn wúkọ́ díẹ̀, á ní, "Obìnrin tó ń wo ṣọkọ títí tó fi yọ òdòdó, omi ata lọkọ rẹ̀ ń jẹ." Gbogbo agboolé ti gbọ́ ohun tó sọ: ọ̀lẹ ni onílé. Láàárín àwa ọmọbìnrin, kò sí èébú tó dùn wá tó o. Mo rí ìyàwó kan rí tó fi ojú ọ̀sán gangan fa gbogbo ṣọkọ rẹ̀ tu, gbòǹgbò àti ewé, nítorí ikọ́ yẹn.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Dámi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Kúnlé ni orúkọ ọkọ tó fẹ́ fẹ́, ọmọ tí ń wa bọ́ọ̀sì, tí ohùn rẹ̀ kì í jáde bí kò bá sí ìdí. Ìyá rẹ̀ ló ní ohùn ilé wọn. Mummy Kúnlé ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Èkó ni, Thamesmead East ló ń gbé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó láàárín ọ̀sẹ̀, tó bá di òpin ọ̀sẹ̀ á máa ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́ fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó. Òdòdó rẹ̀ wà nínú páálí nínú gárééjì, rósì funfun oníke, ọ̀pọ̀ yanturu. Kò sí ìgbéyàwó kan ní àdúgbò wa tí àwọn rósì yẹn kò tíì lọ. Wọ́n ti jókòó níwájú ju alága lọ. Èmi fúnra mi ti mọ̀ wọ́n lójú. Ọ̀kan wà láàárín wọn tí àbẹ́là ti jó létí, bí mo bá sì ti wọ gbọ̀ngàn, òun ni mo kọ́kọ́ ń wá, bí ìgbà tí ènìyàn ń wá ojúlùmọ̀. Wọ́n ti wà níbi ìgbéyàwó tó dára, wọ́n sì ti wà níbi èyí tí tọkọtaya ti pín ìkòkò kí ọdún tó yí po.

Lọ́jọ́ Sunday kan, Mummy Kúnlé wá bá wa jókòó kí á lè sọ bí ètò ṣe máa lọ. A gbé ìrẹsì àti ẹran dídín síwájú rẹ̀, ó sì jẹun dáadáa. Nígbà tó fọwọ́ tán, ó ní òun fẹ́ fi òdòdó ṣe ẹ̀bùn fún ìyàwó òun, pé láti ẹnu ọ̀nà títí dé orí tábìlì ìyàwó ni òun máa to ó dé. Kí n má parọ́, ìfẹ́ ni ó fi sọ ọ́. Dámi sì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mummy, má wúlẹ̀ ṣèyọnu." Mo rọra sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ má wúlẹ̀." Ó tún un sọ pẹ̀lú ẹ, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ó ní òun fúnra òun ni òun máa ṣe òdòdó ìgbéyàwó òun. Òdòdó tó wà láàyè ni òun fẹ́, kódà kó rọ ní ọjọ́ Monday.

Mummy Kúnlé ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá béèrè lọ́wọ́ Bùkọ́lá bóyá ó ti rò ó pé òdòdó tòótọ́ lè rọ lójú àlejò, ní ọjọ́ tí ọmọ òun gbé ìyàwó, kí àwọn ènìyàn máa fi ṣe àmì. Nígbà náà ni Mummy Kúnlé sọ èyí tó wà nínú rẹ̀ gan-an. Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni Dámi. Àmọ́ mi ò tíì rí ohun tí ọwọ́ ẹ̀ ṣe. Mo máa wá wò ó nírọ̀lẹ́ Friday. Bó bá dára, ó dára. Bí kò bá dára, tèmi wà nínú gárééjì, mo ti fọ̀ wọ́n."

Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo wa ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá òdòdó. Bí rósì oníke bá wọ gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Saturday, abẹ́ ọwọ́ ìyá ọkọ ni Dámi ti máa bẹ̀rẹ̀ ìgbéyàwó rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì máa wà. Ọmọ tó ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ wẹ ara ẹlòmíì, wọ́n ní àwọn kò tíì rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Kò sunkún. Ó kàn dìde, ó lọ fọ àwo.

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́. Bí ó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, á sọ̀ kalẹ̀ ní Town Centre, á wọ ilé ìtajà ńlá, á ra àwọn òdòdó tí wọ́n ti dín owó wọn nítorí pé wọ́n ti ń rọ bí ẹni tó ń sùn. Kò pẹ́ tí ìgò fi kún orí àtẹ̀gùn wa, ọ̀kan lórí ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òdòdó nínú gbogbo wọn, débi pé bí ènìyàn bá ń lọ sùn, á dà bí ẹni tó ń gba àárín àwọn ọmọ ilé ìwé tó tò sí ìlà kọjá. Obìnrin kan wà nínú fóònù tó ń kọ́ ọ, òyìnbó tí ń sọ̀rọ̀ kíákíá. Ìdì òdòdó àkọ́kọ́ tí Dámi dì jọ ìgbálẹ̀ tí wọ́n wọ ẹ̀wù fún. Bùkọ́lá rín ẹ̀rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé tíṣà kì í fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ ọmọ ṣe ẹlẹ́yà, ó di ìgbà tí mo dé yàrá mi.

Ohun kan wà tí mo mọ̀ tí obìnrin inú fóònù kò sọ. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí tíṣà wa kan bá fẹ́ gbéyàwó, àwa ọmọ ni wọ́n máa ń rán lọ wá màrìwò àti òdòdó tí a ó fi ṣe ilé ìjọsìn lọ́ṣọ̀ọ́. Kí ìrì tó gbẹ ni a máa ń já a. A ó rẹ́ ìdí igi rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe gbọnrangandan, kí ó lè rí omi mu. Gbogbo ewé tó bá máa wọ inú omi ni a ó já kúrò, nítorí ewé inú omi ni í mú kí omi rùn. Ẹni tó bá sì gbàgbé, òun ni á gbé omi rírùn náà dànù lójú gbogbo kíláàsì. Mo sọ gbogbo èyí fún Dámi. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, òdòdó rẹ̀ kò sùn mọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ìparí ìgbà ooru, ó ti ń di ìdì tí mo lè gbé síwájú ọ̀gá ilé ìwé èyíkéyìí. Nítorí gbogbo ìmúra yìí, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa ti wo ẹ̀yìnkùlé.

Lọ́jọ́ Thursday ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, Dámi àti Kúnlé ti ọjà àwọn olódòdó dé, ọkọ̀ kún títí dé ẹsẹ̀. Rósì funfun wà níbẹ̀, òdòdó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ wà níbẹ̀, ewé kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi yí gbogbo rẹ̀ ká. Ewé náà ní àwọ̀ eérú, ó rí róbótó bí ẹyọ owó, ó sì ń rùn bí ìpara tí a fi ń pa àyà ọmọ tí ọ̀fìnkìn mú. A da omi tútù sínú ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá, a kó òdòdó sí i títí ó fi kún. Ewé yẹn ní garawa ńlá tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí òdòdó ṣe gba balùwẹ̀ nìyẹn, tí gbogbo wa padà sí fífi bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ wẹ̀. Bùkọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú táwẹ́lì lọ́rùn, ó ní òun kúrò ní Ìjẹ̀bú, òun gun bàálù, òun kàwé, òun gba ilé, òun tún wá ń bẹ̀rẹ̀ bu omi wẹ̀ nítorí rósì.

Ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Láṣùn, dé láti Ìbàdàn. Ọkọ̀ akẹ́rù ló wà títí ó fi di arúgbó, orúnkún rẹ̀ ló sì gba ẹ̀san iṣẹ́ náà. A fún un ní bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wẹ̀, kò béèrè ohunkóhun. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn, ó sì sọ fún àwọn ará ilé lórí fóònù pé ìlú náà kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Nígbà tí a jẹun tán, ó fọwọ́ pa orúnkún, ó béèrè bóyá mo lè rí ewé fún un láti fi se àgbo. Mo dá a lóhùn bí a ṣe ń dá àgbàlagbà lóhùn, pé a ó wá nǹkan ṣe sí i.

Ní òwúrọ̀ Friday, Bùkọ́lá wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí iṣẹ́ àárọ̀ ló gbà lọ́jọ́ náà, Dámi lọ to àga ní gbọ̀ngàn ní Woolwich, èmi náà sì lọ sí ọjà Woolwich lọ ra ata. Ó ku Bọ̀ọ̀dá nìkan sílé. Ó wọ balùwẹ̀, ó rí garawa ńlá kan tí ewé kún inú rẹ̀, tí wọ́n rẹ sínú omi dáadáa, òórùn oògùn sì ń ti ara rẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún un. Níbo ni ọmọ Yorùbá ti rí ewé tí wọ́n rẹ sómi nínú garawa, tó ń rùn bẹ́ẹ̀, tí kì í ṣe àgbo? Àbúrò rẹ̀ ti ṣèlérí lálẹ́, ó sì ti rí i láàárọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó gbé ìkòkò tó tóbi jù ní ilé ìdáná, ó ya ewé náà kúrò lára igi rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sè é.

Kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ sí ìlẹ̀kùn ni mo ti gbọ́ òórùn náà. Gbogbo fèrèsé ilé ni omi ti bò. Bọ̀ọ̀dá jókòó láàárín pálọ̀, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí mọ́ ìkòkò, ó ń làágùn, ó sì ń kọrin lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó yọ orí síta, ojú rẹ̀ pọ́n bí ti ọmọ tuntun. Ó ní, "Àbúrò mi, Ọlọ́run á tọ́jú ẹ. Orúnkún yìí ti gbọ́ràn." Mo sáré wọ balùwẹ̀. Òdòdó wà. Ewé kò sí. Igi lásán ló kù nínú garawa, ó dì í pa pọ̀ ní ìdì kan, nítorí pé ènìyàn mímọ́ tónítóní ni.

Dámi dé. A sọ fún un. Ó to rósì díẹ̀ sínú ìkòkò kan láti wò ó bóyá wọ́n lè dá dúró, ṣùgbọ́n òdòdó tí kò ní ewé dà bí ẹni tó bọ́ ìlàjì aṣọ rẹ̀ níta. Ó pe ọjà olódòdó, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Ó pe àwọn ilé ìtajà, kò sí ewé lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ó jókòó sí etí ọpọ́n ìwẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó sì rọra sọ fún mi pé, "Grandma, wọ́n máa gbé rósì yẹn wá." Nínú pálọ̀, Bọ̀ọ̀dá, tó ti wá mọ ohun tó sè, ti ká bùláńkẹ́ẹ̀tì náà sí mẹ́rin, ó gbé e lé itan, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Mo mú àlùmọ́gàjí, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti wá ewé èyíkéyìí. Ìgbà náà ni mo rí i. Ṣọkọ mi ti yọ òdòdó, gbogbo rẹ̀ pátá. Ó ga dé èjìká mi, ó gbé orí aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ àti funfun sókè bí àbẹ́là tí wọ́n tò. Tẹ̀tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti so ìrù pupa kalẹ̀. Ẹfinrin ti di igbó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ikọ́ Ìyá àgbà lẹ́yìn mi. Ojú tì mí fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ojú tíṣà mi wò ó, ó sì rí i pé àwọ̀ òdòdó Dámi gan-an ló wà lórí rẹ̀.

Bùkọ́lá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé, rí mi láti ojú fèrèsé, ó jáde wá. "Mummy, ṣọkọ tó ti gbó lẹ fẹ́ gbé síwájú ìyá ọkọ? Lójú gbogbo ìyá Èkó àti Ìjẹ̀bú? Ẹ ò kúkú kọ ọ́ sára ògiri pé ọmọ wa ò mọ ilé tọ́jú." Òótọ́ ló sọ. Rósì oníke kò bu ẹnikẹ́ni kù. Ṣọkọ tó yọ òdòdó lórí tábìlì ìyàwó, gbogbo obìnrin tó bá ti ní ẹ̀yìnkùlé rí ló máa kà á.

Dámi ti tẹ̀ lé e jáde. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, kò mọ ohun tí à ń sọ, ó sì béèrè. Mo ṣàlàyé fún un láìfi ohunkóhun pamọ́: òfin Ìyá àgbà, ikọ́ rẹ̀, àti ìyàwó tó fa ṣọkọ tirẹ̀ tu. Ó gbọ́ ọ tán. Ó fi ìka pa orí ṣọkọ kan.

"Ṣé nítorí pé mi ò já a?" ó ní. "Mò ń ṣiṣẹ́, mò ń kọ́ òdòdó, mo tún ń ṣètò ìgbéyàwó. Kí wọ́n pè mí ní ọ̀lẹ. Ó rẹwà, ó sì jẹ́ ti ilé wa. Ẹ já a fún mi, Grandma."

Mo ṣàkíyèsí "ẹ" yẹn. Mo já a.

Gbogbo ọ̀sán ni a fi ṣiṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá bẹ̀bẹ̀ pé kí á fún òun ní ọ̀bẹ, pé òun kò ní gbé ìtìjú padà sí Ìbàdàn. Ó jókòó sórí àga ilé ìdáná, ó ń já ewé ìsàlẹ̀ kúrò lára igi ṣọkọ, ó sì ń sọ pé nǹkan tí wọ́n fi orúkọ ọkọ pè láti ìgbà ìwáṣẹ̀, bí kò bá yẹ níbi ìgbéyàwó, níbo ló tún yẹ. Dámi ló ń to ó. Kò wo fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Rósì funfun láàárín, ṣọkọ lẹ́yìn wọn, tẹ̀tẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹfinrin á yí gbogbo rẹ̀ ká. Mo fẹ́ tún ọ̀kan ṣe fún un, nítorí ó wọ́ díẹ̀ sí apá òsì. Mo na ọwọ́, mo sì fà á padà. Mo fi ọdún púpọ̀ kọ́ bí a ṣe ń tún iṣẹ́ ọmọ ṣe. Kíkọ́ bí a kò ṣe ní tún un ṣe ló ṣòro.

Ní ìrọ̀lẹ́, Mummy Kúnlé dé. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó kí wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ìkòkò kan sí èkejì pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn. Mo mọ ìrìn yẹn. Ìrìn àwọn alábẹ̀wò ilé ìwé ni. Ó dúró níbi kan, ó já ewé ẹfinrin kan, ó fi ìka ra á, ó gbóòórùn ìka náà. Ó wò mí, ó ní, "Ṣọkọ nìyí, Màmá." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ó ti gbó." Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó béèrè ẹni tó tò ó, Dámi sì ní òun ni. Mummy Kúnlé mi orí bí ẹni tó gbọ́ iye tí wọ́n ń ta ọjà, ó ní òun ti rí i, ó sì wọ bàtà rẹ̀. Kò mu omi. Kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. A ń wò ó láti ojú fèrèsé bó ṣe jókòó nínú ọkọ̀ tí kò sì tan án. Bùkọ́lá ní ó ti parí.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a dé gbọ̀ngàn, ọkọ̀ Mummy Kúnlé ti wà níbẹ̀, ó sì ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Páálí rósì wà nínú rẹ̀, wọ́n tò ó títí kan òkè. Dámi rí i láti inú ọkọ̀ ìyàwó. Ó kàn di ìdì òdòdó rẹ̀ mú sí i, ó gbé orí rẹ̀ sókè, ó sì wọlé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Àwọn ènìyàn pa àtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó, tí wọ́n sì wá wo ohun tó wà níwájú wọn. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ láti tábìlì dé tábìlì. Obìnrin kan á fọwọ́ kan òdòdó, á rọ orí sí ẹni kejì, ẹni kejì á yí ojú, á sì tún fọwọ́ kàn án. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín sínú. Bọ̀ọ̀dá bojú wo àwo rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń pè lórúkọ.

Ọ̀rẹ́ Mummy Kúnlé kan wà, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ. Ó ti òdì kejì gbọ̀ngàn sọ̀rọ̀, ó ní, "Mummy Kúnlé, ìyàwó yín ti jẹ́ kí ṣọkọ gbó o. Kúnlé á máa wá jẹun nílé yín nìyẹn."

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Dámi dúró nínú àwo. Kò yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí etí rẹ̀ tó ń dúró de èsì, bí ti ọmọ tó fẹ́ gbọ́ bóyá ó yege. Mummy Kúnlé kò kánjú. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó tún èkejì ṣe.

"Ṣọkọ tí wọ́n bá ń já lójoojúmọ́, inú ọbẹ̀ ló ń bá lọ," ó ní. "Èyí tí wọ́n bá fi sílẹ̀ kó gbó ló ń so irúgbìn. Ìyàwó mi kò wá sílé wa nítorí ọbẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni obìnrin arúgbó kan ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ní, "Àmín," bí ẹni tí wọ́n gbàdúrà fún, ni gbogbo ilé bá ṣe Àmín, títí kan ẹni tó fi ṣọkọ ṣẹ̀sín. Dámi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun padà. Èmi jókòó, mò ń ronú nípa Ìyá àgbà. Láti kékeré mi ni mo ti gba òfin rẹ̀ gbọ́, mo sì ti fi kọ́ ẹlòmíì, kò sì fìgbà kan wá sí mi lọ́kàn láti béèrè ibi tó ti ń rí irúgbìn tó ń gbìn lọ́dọọdún. Ẹnì kan ní láti jẹ́ kí tirẹ̀ gbó. Igun kan wà lẹ́yìn yàrá Ìyá àgbà tí kì í jẹ́ kí àwa ọmọ dé, tó ń sọ pé ejò wà níbẹ̀. Mo ti wá mọ irú ejò tí ó jẹ́.

Wọ́n jó títí. Bọ̀ọ̀dá jó ju gbogbo wa lọ, kò sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan nípa orúnkún lẹ́nu rẹ̀, òórùn oògùn sì ń ti ara rẹ̀ wá ní gbogbo ìgbà tó bá yí po. Nígbà tí ìnáwó ń parí, ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àwọn ìyá yọ ọ̀rá jáde nínú àpamọ́wọ́ wọn. Rósì ni wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n já ẹfinrin, wọ́n já tẹ̀tẹ̀, wọ́n ṣẹ́ ewé ṣọkọ tó bá ṣì rọ̀, wọ́n sì ń gba ara wọn níyànjú bí wọ́n ṣe máa sè é. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ṣọkọ tó bá ti gbó kì í rọ̀ lọ́bẹ̀ bó ti yẹ, ṣùgbọ́n tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí kíláàsì ti tú. Kí wọ́n tó gé kéèkì pín tán, tábìlì gbogbo ti pá. Ti tábìlì ìyàwó nìkan ló kù, èyí tó wọ́ díẹ̀ sí apá òsì, nítorí pé Mummy Kúnlé ti dúró níwájú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ olóhùn ńlá na ọwọ́ sí i pẹ̀lú ọ̀rá, Mummy Kúnlé sì gbá ọwọ́ náà kúrò. Ó ní, "Lọ mú ti tábìlì ẹ. Ti ìyàwó mi nìyí."

Dámi gbọ́ ọ láti ibi tó ti ń jó. Ó dúró, ó wá mi kiri pẹ̀lú ojú, nígbà tó sì rí mi, èmi ni mo kọ́kọ́ yí ojú kúrò, nítorí ó ní ohun tó ń ṣe ojú mi. Ní ìta, wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ Mummy Kúnlé pa, wọn kò sì ṣí páálí kan. Mummy Kúnlé kò gbà kí wọ́n gbé ìkòkò òdòdó tábìlì ìyàwó sí ẹ̀yìn pẹ̀lú páálí. Ó jókòó síwájú, ó gbé e lé itan rẹ̀, ó fi ìborùn rẹ̀ tẹ́ abẹ́ rẹ̀, ó sì sọ fún àbúrò rẹ̀ tó fẹ́ wà á lọ sílé pé kó rọra wakọ̀, irúgbìn ti ń dà.